Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló dá mi padà sójú títì

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrìn o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ìtàn tí ẹ̀yin awakọ̀ ń kọ síbí, nípa bẹ́ ẹ ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì tún padà sídìí rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń mirí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e mì, pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni.

2018 ni mo sọ̀ kalẹ̀ lórí tírélà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún. Kì í ṣe jàǹbá, ìbàdí ni. Ó ń ta mí láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì gan-an. Ẹ sì mọ bí kílọ́ọ̀ṣì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn ṣe le. Lọ́jọ́ kan nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ògèrè, mo tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbéra mọ́. Ọwọ́ ni mo fi gbé orúnkún ara mi sókè. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn ló ń fún iṣan pa, kí n lọ sinmi. Mo ra ẹ̀rọ ìlọta, mo gbé e síwájú ilé.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ ata àti ẹ̀wà. Ilé wa kò jìnnà sí títì tó wọ Tákìé, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, tí gbogbo ilé ti sùn, mo máa ń gbọ́ tírélà tó bá ń gun òkè. Mo mọ ìgbà tó yẹ kí awakọ̀ pààrọ̀ jíà. Tó bá pẹ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi á ta pọ́ún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tún ti wọkọ̀ àbí?"

Ohun tó dá mi padà kò ju owó lọ. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, epo tí mò ń rà sínú ẹ̀rọ ní nǹkan bí ₦190 fò dé nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí mo bá fowó kún owó ata, oníbàárà á gbé abọ́ rẹ̀ lọ sílé lọ fi ọlọ lọ̀ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ọmọ kan wà tó ṣe mótò bọ́ì fún mi fún ọdún mẹ́rin. Òun ló ń bójú tó ọkọ̀ mẹ́ta fún Alhaja kan báyìí, ó sì ń wa ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń wá iṣẹ́, ó wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀rọ, omi ata sì rin ín láyà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, iṣẹ́ wà. Àmọ́ ẹ má bínú sí mi o, ẹ ò ní wà á nírìn àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa jókòó sí."

Ọwọ́ ọ̀tún! Ibi tí òun máa ń jókòó sí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni, mo wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Mo lọ tún ìwé ìwakọ̀ mi tó ti kú ṣe, kíláàsì G, ti ọkọ̀ onírù gígùn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, mo ti fẹ́ gun orí ọkọ̀, ọmọ náà ní kí n dúró ná. Ọ̀sẹ̀ méje ni ọkọ̀ náà ti wà lórí ìdúró kó tó gbà á. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fa okùn tí wọ́n fi ń tú omi inú àgbá afẹ́fẹ́ bírékì, ohun tó ń ṣàn jáde funfun bí omi ògì. Tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, bírékì ò lè gbọ́ràn bó ṣe yẹ. Ó wá kọjá sídìí táyà. Àwa nígbà tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń ta táyà, tó bá ti le, ó parí. Òun tan iná fóònù sí ara rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Táyà méjì lẹ́yìn, 2316 ló wà lára wọn: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Òkè rẹ̀ ṣì nípọn dáadáa, ẹni tí kò mọ̀ á ní tuntun ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kó má kọjá ọdún mẹ́rin. Ó pe Alhaja lórí fóònù pé òun ò ní gbéra. Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi yọ, ó sì borí. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń rántí iye táyà tí mo ti fi ẹsẹ̀ ta láyé mi.

Ìbèsè la ti fẹ́ lọ gbé sìmẹ́ǹtì. Ọ̀nà tuntun onílà méjì tí wọ́n ń ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti wà lórí ẹ̀, ibì kan ṣí, ibì kan ò ṣí, nítorí náà ọ̀nà àtijọ́ la ṣì ń há mọ́ra wa lórí rẹ̀. Kí á tó dé Odò Ọbà, ọkọ̀ kan kú síwájú wa lórí òkè, gbogbo wa dúró. Ọmọ náà wò mí. Ó tijú láti sọ ọ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé igi wẹ́ẹ̀jì, mo sáré. Sáré kẹ̀? Mo rìn kánkán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà rí, ẹ mọ̀ pé igi náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọkọ̀ tó yí sẹ́yìn, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti yí. Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, mo ti igi náà wọlé, mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbójú sókè ni awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ dẹ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó yọrí síta: "Ọ̀gá! Ẹ̀yin náà rèé?" Mo juwọ́ sí i bí ẹni pé mò ń bójú tó nǹkan pàtàkì níbẹ̀.

Ìsọ̀ kan ní Owódé, l'Ọ́yọ̀ọ́, la ó já ẹrù náà sí nígbà tí à ń bọ̀. Àpò 600, kílò 50 kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 30 ló wà lẹ́yìn wa. Ojú ọ̀nà tó wọ ìsọ̀ náà tóóró, gọ́tà lọ́wọ́ kan, ìyá alákàrà lọ́wọ́ kejì. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ síbí. Ẹ fi ìdí wọlé."

Ọkọ̀ wíwà síwájú kì í kúrò lára èèyàn. Ìdí fífi wọlé ló ń lọ. Bí èèyàn bá yí sítíárì sọ́tùn-ún, ìdí ọkọ̀ á gba òsì lọ. Mo mọ̀ ọ́n lórí, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo yí i, orí àti ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ra bí ejò tó fẹ́ bu ìrù ara rẹ̀ jẹ. Mo tún un ṣe, mo tún un bà jẹ́. Ìyá alákàrà gbé agbada epo gbígbóná rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kó ọmọ mi." Nǹkan bí ogún èèyàn ló ti ń wò mí. Àágùn wọ ojú mi.

Ọmọ náà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà níbẹ̀ má baà gbọ́. "Ọ̀gá, ẹ fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ sítíárì mú. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìdí lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ọwọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ní Sábó, lọ́jọ́ tí mo fọ́ iná ẹ̀yìn yín."

Mo ti gbàgbé pé mo mọ ọ̀nà yẹn, ká má tíì wá sọ pé èmi ni mo fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo di ìsàlẹ̀ mú, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá alákàrà ní mo jẹ òun ní gbèsè epo tó dà. Mo san án, mo sì ra àkàrà lé e.

Láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́. Tèmi ò dùn tó tiyín. Tánkà ni mò ń wà tẹ́lẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì láti tọ́jú màmá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí mo padà, ọ̀sán ò ní wàhálà, alẹ́ ló bọ́ mi láṣọ. Iná ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ á tú ká lójú mi bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sínú omi. Mo rò pé àárẹ̀ ni, mo ń mu kọfí. Ìgbà tí mo lọ tún ìwé ìwakọ̀ ṣe ni wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo ka ìlà mẹ́ta, ìkẹrin di èéfín. Ojú mi ti ń bo lọ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, èkejì ń dúró de owó. Típà ni mò ń fi kó yanrìn báyìí, láàárín Ọ̀yọ́ sí Àwẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti délé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní awakọ̀ ọmọ ilé ìwé. Kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ìbàdí yín, ẹ̀gbọ́n. Ó ti lọ ni?

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, kò lọ. Ìjókòó ọkọ̀ tuntun yìí ní afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì fúyẹ́, ìyẹn ló ń bá mi gbé e. Wákàtí méjì méjì ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti na ara. Tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní mo pẹ́, kó pẹ́. Ojú yín á dáa lágbára Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tì yín sí òru.

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń dá ọkọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nǹkan bí aago méjì òru, mo kọjá létí ilé wa lórí òkè yẹn, mò ń lọ sí Ìlọrin. N kò fọn fèrè, n kò fẹ́ jí àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi pè mí. Mo rò pé àdúrà tí ó máa ń gbà, pé kí Ògún má fẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀, ni yóò gbà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ yín lóru. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ jíà."