Àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà: ẹ wá sọ èyí tí ojú yín rí

Awakọ̀ tírélà, Denver

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè ńláńlá yìí kọjá, a ó ya fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ sílé, ó tán. Èmi fẹ́ ká sọ ohun tí a rí níbẹ̀ gan-an, àti ohun tí àwọn onílẹ̀ sọ fún wa nípa wọn, torí pé òkè wọ̀nyí ní ẹni tó ń gbàdúrà nídìí wọn kí ẹnikẹ́ni tó ya máàpù.

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Wyoming ni mo ti rí tèmi, níbi tí odò Belle Fourche gbà kọjá. Devils Tower ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n Mato Tipila, ilé béárì, ni àwọn Lakota, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀, ń pè é. Ó kù díẹ̀ kí n débẹ̀ ni mo ti ń wò ó lókèèrè. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ koríko, igi páìnì díẹ̀ díẹ̀, àfi òkúta kan ṣoṣo tó dìde gọnbọ, mítà 264 láti ìdí rẹ̀ dé orí, orí náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òpó ni gbogbo ara rẹ̀, òpó gígùn tó fara ti ara wọn láti ilẹ̀ dé òkè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní igun márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ ọgbà náà sọ fún wa pé àpáta yíyọ́ ló gbéra láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, tó tutù kó tó rọ́nà jáde. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, ibi tó ti ń sún kì ló ti ń là sí òpó òpó. Òjò àti odò wá fọ ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ku òun nìkan lórí ìdúró. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá ọ̀nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín ni tàbí àpáta yíyọ́ tó kàn há sábẹ́ ilẹ̀. Pé iná ló bí i, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó yí ìdí rẹ̀ po, kò ju kìlómítà méjì lé díẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ ni wọ́n so mọ́ àwọn igi, pupa, yẹ́lò, funfun, òmíràn ti ṣá, òmíràn ṣì tuntun. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé mi. Ẹni tó bá ti rí aṣọ funfun tí wọ́n wé mọ́ igi ìrókò nílé mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ kàn. Obìnrin kan níwájú mi fẹ́ fà á wò, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó sọ ọ́ pẹ̀lú: àdúrà ẹlòmíràn ni, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀.

Àwọn Kiowa ní ọmọbìnrin méje ló ń sá fún béárì, wọ́n gun orí òkúta kékeré kan, wọ́n bẹ̀ ẹ́, òkúta náà sì ń ga sí i. Béárì ń fò, ó ń ha á lẹ́kànná, àpá èékánná rẹ̀ ni ìlà tí a ń rí lára òkè náà títí dòní. Àwọn ọmọbìnrin náà di ìràwọ̀ méje lójú ọ̀run.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1893, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Rogers gun un dé òkè. Òun àti Willard Ripley ti kan èèkàn igi sínú ihò láàárín òpó méjì, wọ́n fi ṣe àkàsọ̀. Díẹ̀ lára àkàsọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè rí i láti ìsàlẹ̀. Ní 1906 ni Ààrẹ Theodore Roosevelt sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Láti 1995 ni wọ́n ti ń bẹ àwọn tó ń gun òkè pé kí wọ́n fi oṣù kẹfà sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, torí oṣù yẹn ni ètò ẹ̀sìn wọn máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe òfin. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́, àwọn kan kì í gbọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kó di òfin. Oṣù kan nínú 12 kò pọ̀ jù.

Ó yá, ta ló kàn?

Nọ́ọ̀sì, New Mexico

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Iṣẹ́ àdéhùn ló gbé mi dé ìlú Shiprock, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo. Òkè tó fún ìlú náà lórúkọ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, nínú aṣálẹ̀ gbalasa, ó fi nǹkan bíi mítà 480 ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Tsé Bitʼaʼí ni wọ́n ń pè é, àpáta abìyẹ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, òun ni oòrùn kọ́kọ́ máa ń mú, ìsàlẹ̀ á ṣì ṣókùnkùn.

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan, ọmọ Navajo, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń da àgùntàn lápá ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ìyẹ́ náà jẹ́. Ògiri òkúta dúdú ni, ó tinrín, ó ga ju ilé lọ láwọn ibòmíràn, ó ti ara òkè náà jáde, ó na gbọọrọ la pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Mo rò pé èèyàn ló mọ ọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ ló là nígbà náà lọ́hùn-ún, àpáta yíyọ́ kún inú ibi tó là, ó dì. Nígbà tí ilẹ̀ tó yí i ká wó lọ, ó ku ògiri. Òkè náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín tó ti kú láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 ọdún. Òkè tó wà lórí ọ̀fun náà kò sí mọ́.

Ìyá alábàáṣiṣẹ́ mi sọ fún mi pé àwọn baba ńlá wọn gbé orí rẹ̀ rí, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko, wọ́n ń pọnmi. Lọ́jọ́ kan mànàmáná ya ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ dànù, àwọn obìnrin àti ọmọdé tó wà lókè kò rí ọ̀nà sọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Bí màmá ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ó mọ orúkọ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ibẹ̀. Àwọn kan gun un ní 1939, ṣùgbọ́n láti 1970 ni àwọn Navajo ti fòfin dè é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀nà kan wà láti gbà gun un.

 

Akẹ́kọ̀ọ́, Phoenix

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òkè pupa tó wà ní Monument Valley ńkọ́, ṣé iná ló bí àwọn náà? Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, a wa mọ́tò yí ojú ọ̀nà eléruku tó wà nínú rẹ̀, a rí méjì tó dà bí ìbọ̀wọ́ tó kọjú síra, a rí Merrick Butte. Mi ò rí ẹni bi.

Nọ́ọ̀sì, New Mexico

Rárá, àbúrò. Yanrìn ni àwọn yẹn, yanrìn tó dì di òkúta, ìpata irin inú rẹ̀ ló mú un pupa. Ìpele tó le ló wà lókè, ó ń ṣe ìbòrí fún èyí tó rọ̀ nísàlẹ̀. Níbi tí ìbòrí náà bá ti já, òjò àti afẹ́fẹ́ á jẹ ìyókù. Èyí tó kù ní ìdúró ni butte. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ọ̀nà Kayenta bọ̀, òkè dúdú ṣóńṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Agathla. Ìyẹn, iná ló bí i, ẹ̀gbọ́n Tsé Bitʼaʼí àbí àbúrò rẹ̀ ni. Ilẹ̀ Navajo náà ni gbogbo rẹ̀, láti 1958 ni ọgbà Monument Valley ti wà lábẹ́ àwọn fúnra wọn.

Ìyá Ìbejì, Vancouver ní ìpínlẹ̀ Washington

Òkú lẹ ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan. Èmi, ààyè ló wà lẹ́yìn ilé mi.

Mount St. Helens ni mo ń sọ, òkè ayọnáyèéfín tí kò tíì kú. Àwọn Cowlitz ń pè é ní Lawetlatla. Ìyá àgbà kan tó ń gbé òdìkejì títì wa wà ní Yakima ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1980. Ó ní ọjọ́ Sunday ni, àwọn ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ọjọ́ ṣókùnkùn láàárọ̀ bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́, iná ojú títì tàn fúnra rẹ̀, eérú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó eérú kúrò lórí òrùlé. Ìgò kan ṣì wà lórí tẹ́lifíṣọ̀n rẹ̀, eérú ọjọ́ yẹn ló wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn ìbejì mi fọwọ́ kàn án. Ó kúnná, ó sì le, kò dà bí eérú igi rárá. Òkúta lílọ̀ ni.

Láti oṣù kẹta ni ilẹ̀ ti ń mì. Ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè náà ń wú síta, ó ń fi nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ yọ lójúmọ́. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 32, ìmìtìtì ilẹ̀ kan ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó wú náà ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì sí ìyalulẹ̀ òkè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wá bú jáde láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti orí. Igbó tó tó kìlómítà 600 níbùú lóròó ló wó. Ènìyàn 57 ló kú. Òkè náà ga ní mítà 2,950 kó tó di ọjọ́ yẹn, ó di 2,549.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni David Johnston, onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín, ọmọ 30 ọdún. Ó ń ṣọ́ òkè náà láti ibi tó tó kìlómítà mẹ́wàá. Vancouver, ìlú tèmi yìí, ni ọ́fíìsì wọn wà. Orúkọ ìlú wa ló pè lórí rédíò nígbà tó rí i pé ó ti bú, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á, mi ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Kí ilẹ̀ tó ya ba afárá ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ ní 2023, a lọ sí orí òkè tí wọ́n fi orúkọ Johnston sọ. Láti ibẹ̀, ẹ ó máa wo inú ihò tí bíbú yẹn dá sí ara Mount St. Helens tààrà. Ní adágún Spirit Lake, àwọn igi tó wó lọ́jọ́ yẹn ṣì ń léfòó lórí omi títí dòní, afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n lọ sí apá kan, ó ń tì wọ́n padà. Lórí ilẹ̀ eérú tó wà níwájú òkè, òdòdó elésè àlùkò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lupine ló kọ́kọ́ hù. Àwọn ìbejì fẹ́ràn ìyẹn ju ihò lọ.

Bàbá Orting

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ìdí Mount Rainier ni èmi ń gbé ní tèmi, mítà 4,392, yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ìkúukùu bá ká, tí gbogbo rẹ̀ bá hàn, àwọn ará Tacoma á ní òkè ti jáde. Ẹ ó gbọ́ ọ nílé epo, ẹ ó gbọ́ ọ ní ọjà.

Kì í ṣe iná rẹ̀ ni a ń bẹ̀rù ní Orting, ìlú tí mo ń gbé. Ẹrẹ̀ ni. Òkúta orí rẹ̀ ti rọ̀ láti inú, bí apá kan bá já, tó pò mọ́ yìnyín àti omi, á di ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ tó nípọn bíi kọnkéré tútù, á sì gba ojú odò wá bá wa. Ó wá ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé tuntun níbí, wọ́n hú kùkùté igi ńláńlá tí ẹrẹ̀ yẹn bò mọ́lẹ̀. Mo rí ọ̀kan, kùkùté tí ènìyàn mẹ́ta ò lè dì mọ́ra tán.

Ẹ̀rọ wà lójú odò tó ń gbọ́ ìró ẹrẹ̀, fèrè ìkìlọ̀ wà nígboro, wọ́n máa ń dán an wò. Ìṣẹ́jú tí a ó rí kò tó wákàtí kan. Àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìwé lọ sí ibi gíga, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ mọ̀ ọ́n ju mi lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ilé lápá ibí, kó kọ́kọ́ wo máàpù ewu tí ìjọba gbé jáde, kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilé.

Olùkọ́, Oregon

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí ìtàn tí àwọn onílẹ̀ ń sọ tí a ń pè ní àlọ́. Crater Lake kì í ṣe adágún tó jókòó sínú àfonífojì. Òkè ńlá ló wà níbẹ̀, Mount Mazama. Ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn ó bú, inú rẹ̀ ṣófo, ó wó sínú ara rẹ̀. Òjò àti yìnyín ló kún ihò náà, odò kankan kò wọ inú rẹ̀. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó mítà 592, kò sí adágún tó jìn tó o ní Amẹ́ríkà. Mo dúró létí rẹ̀, àwọ̀ aró tó wà lójú omi yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Àwọn Klamath ní Llao tó ń gbé abẹ́ òkè bá Skell tó ń gbé ojú ọ̀run jà, wọ́n ń ju òkúta gbígbóná lu ara wọn, Llao ṣubú, òkè wó lé e lórí. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí àwọn onímọ̀ sọ. Ṣé àwọn baba ńlá wọn wà níbẹ̀ láti rí i? Ní 1938, nínú ihò àpáta kan ní Fort Rock, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Luther Cressman hú bàtà tí wọ́n fi èèpo igi hun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, lábẹ́ eérú Mazama. Bàtà náà ti lé ní 9,000 ọdún. Àwọn ènìyàn ti wà lápá ibẹ̀ tipẹ́ kí òkè yẹn tó bú. Mo ti fi àwòrán bàtà náà han àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ní kí wọ́n lọ ka ìtàn Llao lẹ́ẹ̀kejì.

Awakọ̀ tírélà, Denver

Ẹ ṣé gan-an. Àwọn tó bi mí léèrè nípa ìgbà tó dára láti lọ: ti Wyoming, oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án, ooru á dín, èrò á dín. Crater Lake, ẹ dúró di oṣù keje, yìnyín máa ń dí ọ̀nà tó yí i ká kó tó dìgbà yẹn. Ti Shiprock, ẹ wò ó láti ojú títì àyàfi tí ẹ bá ní onílé tó mú yín wọlé. Omi ẹ̀rọ kò sí ní púpọ̀ nínú ọ̀nà aṣálẹ̀ yẹn, ẹ gbé omi tó pọ̀ sínú mọ́tò, kí ẹ sì kún táǹkì epo kí ẹ tó kúrò nígboro. Ẹni tó bá ti dé Bear Butte ní South Dakota, kó jọ̀ọ́ kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Sturgis, mi ò tíì yà síbẹ̀.