Growl tó ki níbi ìdánrawò, tó ń pòórá lórí ìtàgé: ọ̀fun ni àbí máìkì?

Ọ̀fun_Irin:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n inú orin yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Death metal, irú orin rọ́ọ̀kì tó wúwo gan-an, là ń ṣe: gìtá méjì, béèsì kan, onílù kan, èmi ni mò ń kígbe. B la yí okùn gìtá tó wà nísàlẹ̀ jù sí, ohùn tèmi náà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Níbi ìdánrawò, growl náà, ìyẹn igbe jíjìn tó há yẹn, máa ń ki dáadáa. Tá a bá ti gun orí ìtàgé, nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn tó wá wò wá á ní gìtá àti ìlù nìkan làwọn gbọ́, fídíò tí wọ́n fi fóònù ká náà á sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Èkejì, láti orin kẹrin lọ, ọ̀fun á ti máa yún mi, mo sì máa ń wúkọ́ láàárín orin sí orin. Ogójì ìṣẹ́jú la sábà máa ń lò.

SM58 ni máìkì tí mò ń lò. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi máa ń bo orí rẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kí ohùn wú bíi ti inú àwo orin. Ṣé bí mo ṣe ń kígbe ni kò dáa ni, àbí ẹ̀rọ ni? Báǹdì wo ló sì yẹ kí n fetí sí kí n lè mọ bí ohùn ṣe ń la ariwo kọjá?

Gògóńgò:

Ìṣòro méjèèjì yẹn, ẹyọ kan ni. O ò gbọ́ ara rẹ lórí ìtàgé, lo bá ń fi agídí gbé ohùn sókè. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ariwo, wọn kì í sì í mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ṣùgbọ́n growl kò ṣeé fi agídí gbé sókè, torí kì í ṣe ohùn tó ń pariwo tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí kò sí máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, wàá rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè lọ. Máìkì ló ń sọ ọ́ di ńlá.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. False cord ni èyí tí o ń wá: awẹ́ ẹran méjì kan wà lókè tán-án-ná (awọ tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun tá a bá ń sọ̀rọ̀) gan-an, tí wọn kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Tí wọ́n bá sún mọ́ra tí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sì gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa gbọ̀n, ohùn á sì ki. Èkejì ni fry. Tán-án-ná fúnra rẹ̀ lo máa fún pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń kọjá, ohùn á lọ sókè, á sì mú ṣáṣá. Fry kò ki, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ láàárín gìtá ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ.

Yíyún tí o sọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Ọ̀fun tó ń yún, tó ń fa ikọ́, tán-án-ná ló ń forí gbárí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti dínkù, ọrùn wá ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ikùn ṣe. Padà sí ìpìlẹ̀: la ẹnu, kí o mí jáde bí ẹni tó fẹ́ fi èémí bo dígí kó tó nù ún. Má fi ohùn kankan sí i. Fi ikùn ti afẹ́fẹ́ náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀fun wà ní lílà, kí o wá kérora díẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ohùn kékeré kan tó há máa yọjú. Dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5, sinmi, kí o tún un ṣe. Má ju ìdajì agbára rẹ lọ. Tó bá yún ọ báyìí, dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí kò bá yún mọ́ ni kí o tó fi ọ̀rọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìwọ̀n agbára tó o fi rí i yẹn náà ni kí o gbé lọ sórí ìtàgé. Ẹ̀rọ ni kó parí ìyókù.

Omi: èyí tó o mu lórí ìtàgé kì í kan tán-án-ná, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà lọ. Á jẹ́ kí ẹnu rẹ tutù, ó tán. Láti àárọ̀ ni kí o ti máa mu ún. Kí o tó gun orí ìtàgé, lo ìṣẹ́jú 10: fi imú kùn hùùn, gbọn ètè, fi ohùn gòkè kí o sì fi sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà growl kékeré. Àwọn kan máa ń fa èémí sínú láti mú growl wọn jáde. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń gba orí tán-án-ná wọlé, ohùn náà kò lágbára, kò sì ṣeé darí.

Tí ohùn bá há, tí kò sì là lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí o lọ bá.

Alákòóso_Ẹ̀rọ:

Òótọ́ ni Gògóńgò sọ nípa ọ̀fun, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín gan-an. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí máìkì yẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. SM58 ní àwọn ihò lẹ́yìn ibi tó ń gba ohùn, lábẹ́ wáyà roboto tó bo orí rẹ̀. Àwọn ihò yẹn ló ń jẹ́ kó lè pa ohùn tó ń bọ̀ látẹ̀yìn rẹ́. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí wọn, máìkì náà á máa gbọ́ gbogbo ìhà bákan náà: símbálì, gìtá, àti mọ́nítọ̀ (sípíkà tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín) tó kọjú sí yín. Ohùn àárín á wú, èyí tó ń dùn mọ́ yín nìyẹn, àmọ́ ohùn òkè tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ á kú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fẹ́ gbé yín sókè, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí hu torí máìkì ń gbọ́ ohùn sípíkà padà, á sì fà yín padà wálẹ̀. Lójú àwọn tó wá wòran, gìtá ló bò yín mọ́lẹ̀.

Ara máìkì ni kí ẹ dì mú, kí ìka kankan má kan wáyà orí rẹ̀. Kí ètè wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 sí i. Bí ẹnu ṣe ń sún mọ́ irú máìkì yìí ni ohùn ìsàlẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ ò nílò ọwọ́ láti mú un ki.

Mọ́nítọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn gan-an ni SM58 ti dití jù, torí náà iwájú yín tààrà ni kí ẹ gbé mọ́nítọ̀ sí, kí ìdí máìkì kọjú sí i. Beta 58A, máìkì mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Ibi tó dití jù wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 120 sí iwájú rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Mọ́nítọ̀ méjì ló bá a mu, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń ra Beta 58A pé ó dáa jù, wọ́n á gbé mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, wọ́n á wá máa yà á lẹ́nu pé ó ń hu. Nígbà tí ẹ bá ń mi orí láàárín orin, tí ọwọ́ wálẹ̀ sí itan, ẹ má jẹ́ kí orí máìkì dojú kọ mọ́nítọ̀.

Lórí tábìlì ẹ̀rọ (mixer), ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún growl ni pé kí n gé ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ 100 sí 120 Hz (ìwọ̀n gíga ohùn). Kò sí nǹkan tó wúlò níbẹ̀ bí kò ṣe ìlù ńlá tó ń yọ́ wọlé. Mo máa ń dín àyíká 250 sí 400 Hz kù ní dB 3 (ìwọ̀n líle ohùn), kí n fi dB 2 tàbí 3 kún àyíká 3 kHz, kí n sì yọ dB 2 kúrò níbẹ̀ kan náà lára gìtá méjèèjì. Compressor, tó ń rẹ ohùn tó bá le sílẹ̀, ní 4 sí 1, kó máa fa bíi dB 6 wálẹ̀ nígbà tí igbe bá le jù. Gate, tó ń pa máìkì nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀, kò bá growl lọ: símbálì á máa ṣí i nígbà tí ẹ ò kígbe, á sì máa gé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó bá rọlẹ̀.

Gìtá ló kù. Àpótí sípíkà tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún onígìtá ló ń fọn ohùn sí. Kò gbọ́ ara rẹ̀, á tún yí i sókè. Ẹ gbé e sórí nǹkan, tàbí kí ẹ dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ kó kọjú sí etí rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́wù_Dúdú:

Ẹ má fi fídíò fóònù dá ara yín lẹ́jọ́ o. Níbo ni ẹni tó ká a dúró sí? Tó bá jẹ́ iwájú gan-an, láàárín, ohun tó ń lu fóònù rẹ̀ ni àpótí gìtá àti ìlù fúnra wọn. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni sípíkà ńlá tó gbé ohùn yín wà, òun sì ti dúró lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọjú sí. Ẹ sọ fún ẹnì kan kó lọ ká a nítòsí tábìlì ẹ̀rọ, kí ẹ wá fi wéra.

Báǹdì tó yẹ kí ẹ gbọ́: Cannibal Corpse ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí olórin méjì tó yàtọ̀ síra gan-an ni wọ́n ti ní. Chris Barnes wà níbẹ̀ títí di 1995. Ohùn rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ó ṣòro kéèyàn mú ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. George Fisher ló gbapò rẹ̀. Ẹ fetí sí bó ṣe ń gé t, k àti p. Ohùn náà ṣì wúwo, àmọ́ kọ́ńsónáǹtì yẹn máa ń gún inú gìtá jáde kódà nígbà tí ìlù ń sáré bí nǹkan mìíràn. Ohun tí ẹ ń wá nìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀, báǹdì Death. Ẹ gbọ́ àwo wọn àkọ́kọ́ ti 1987, kí ẹ fò lọ sí ti 1995 àti 1998. Chuck Schuldiner, olórin wọn, gbé ohùn rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ lọ sókè bí ọdún ṣe ń lọ, orin náà sì ń díjú sí i. Ohùn tó wà lókè gìtá ni kò jẹ́ kó sọnù. John Tardy ti Obituary kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Fífà ló máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, àmọ́ orin wọn rọra ń lọ, àyè wà fún un láàárín rẹ̀. Tí orin yín bá ń sáré, ẹ má wò ó ṣe àwòkọ́ṣe.

Nípa kéèyàn máa pààrọ̀ ohùn láàárín orin kan láìṣe ọ̀fun léṣe, ẹ lọ wo bí Tatiana Shmayluk ti Jinjer ṣe ń ṣe é lórí ìtàgé. Ọrùn rẹ̀ kì í le. Mikael Åkerfeldt ti Opeth náà wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ tako Alákòóso díẹ̀. Bíbo máìkì wà lára ìrísí death metal, àwọn ńlá náà ń ṣe é.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: etí. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi wákàtí 8 sí 85 dB, gbogbo dB 3 tó bá gun orí rẹ̀ sì ń gé àkókò yẹn sí méjì. Ní 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ń gun orí ìtàgé. Ìdánrawò ló ń jẹ etí jù. Èdídí etí onífóòmù máa ń pa ohùn òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan á sì dún bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ wá irú tí wọ́n ṣe fún olórin, tó ń dín gbogbo ohùn kù ní ìwọ̀n kan náà, bíi dB 15.

Alákòóso_Ẹ̀rọ:

Àwọn ńlá ń ṣe é lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹni tó mọ orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nídìí ẹ̀rọ, etí wọn ni mọ́nítọ̀ wọn wà, ìtàgé wọn sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí símbálì fi jìnnà sí wọn. Lórí ìtàgé kékeré, onílù wà ní mítà méjì sí ẹ̀yìn yín. Tí ẹ bá fẹ́ ìrísí yẹn dandan, ẹ ká ìka yí orí máìkì ká níwájú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbangba.

Ọ̀fun_Irin:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun méjì ló kù. Ṣé kí n gbé gbogbo ẹsẹ orin lọ sókè sí fry ni? Mi ò fẹ́ kó dà bíi black metal, tí igbe rẹ̀ máa ń ga. Èkejì, ọ̀pọ̀ ibi tá a ti ń ṣeré kò ní ju tábìlì ẹ̀rọ olójú mẹ́jọ lọ, ẹni tó sì wà nídìí rẹ̀ lè má gbọ́ orin wa rí. Kí ni kí n ní kó kọ́kọ́ ṣe?

Gògóńgò:

Rárá, má gbé gbogbo rẹ̀. Ìlà tí gìtá bá ti ń ta B ìsàlẹ̀ láìdúró, gbé ohùn tìrẹ sí àárín. Ibi tí gìtá bá dúró tàbí tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn rẹ̀, ibẹ̀ ni growl tó jìn jù ti máa dùn, torí kò sí ẹni tó ń bá ọ du àyè. Fry, fi sí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ní ìparí ẹsẹ. Fi biro sàmì sí ibi tí wàá ti mí nínú ọ̀rọ̀ orin, kí o sì máa mí níbẹ̀ nígbà gbogbo. Má to orin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá mẹ́ta tẹ̀ léra. Fi èyí tí gìtá nìkan ti ń ta fún ìṣẹ́jú kan sáàárín wọn.

Alákòóso_Ẹ̀rọ:

Tábìlì olójú mẹ́jọ tó. Ẹ ní kó fi ohùn bẹ̀rẹ̀, kó má fi ìlù bẹ̀rẹ̀. Ẹ kígbe sí i bí ẹ ṣe máa kígbe gan-an, ẹ má sọ «check one two», torí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti growl mu. Kó gbé yín sókè títí ẹ̀rọ á fi fẹ́ hu, kó wá fà á wálẹ̀ ní dB 3. Ibẹ̀ ni òkè tí ohùn lè dé nínú yàrá náà. Lẹ́yìn náà ni kí béèsì, gìtá àti ìlù wọlé, kí wọ́n sì dúró sábẹ́ rẹ̀. Tí tábìlì náà bá ní bọ́tìnnì tó ń gé ìsàlẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ 80 tàbí 100 sí lára, kó tẹ̀ ẹ́ fún ohùn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pè wọ́n béèrè iye mọ́nítọ̀ tí wọ́n ní. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, SM58 ni kí ẹ gbé dání.