Ta ni kí n pè sórí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rédíò ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé?

Atọ́kùn Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń tọrọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá òní. Ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí ìṣèlú, àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí mo ń ṣe ní èdè Yorùbá níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò wáyé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n àlejò tí a ti jọ ṣe àdéhùn láti oṣù tó kọjá pè mí ní alẹ́ àná pé òun kò ní lè wá mọ́. Ta ni ẹ mọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá dénú, tí ó sì lè jókòó fún wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ má tán lẹ́nu rẹ̀?

Olùkọ́ ní Sábẹ
Àbúrò, ẹ kò sọ ohun tí ètò náà yóò dá lé lórí. Bí ó bá jẹ́ ìṣèlú, amòfin ni kí ẹ wá. Òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024 sọ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lè ní aṣòfin kankan, bí kò bá ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn agbègbè ìdìbò 24 tí a ní. Ọsàn márùn-ún ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Mo mú ẹyọ kan sọ́tọ̀, mo ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí níbi gbogbo nìyẹn. Ìyá mi mú ọsàn náà dání, wọ́n ní, «Bí wọ́n bá rí i níbi 23, tí wọn kò rí i níbi kan ṣoṣo ńkọ́?» Irú ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹnìkan dáhùn lórí rédíò nìyẹn.

Aránṣọ Wàndó
Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un ohun tí ilé-iṣẹ́ yín yóò fi ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ètò. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan, tí n kò ní dárúkọ, pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa aṣọ eégún, nítorí pé iṣẹ́ ìdílé wa ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí mo fi ṣàlàyé bí a ṣe ń to aṣọ lé ara wọn, tí aṣọ tuntun ń bo ti àtijọ́ láìmú ti àtijọ́ kúrò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a parí, atọ́kùn bi mí nípa owó tí a ń san lọ́jà, mo sì dáhùn pé owó náà pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n là dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, «ọ̀nà tí wọ́n là dára» nìkan ni wọ́n gé jáde, wọ́n sì ń fi ṣíwájú ètò ẹgbẹ́ òṣèlú kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Obìnrin kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà tí ó wà lọ́mọge wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ká ọ̀pá mẹ́fà tí mo ti fi ẹfun sàmì sí, ó kó o sínú àpò, kò sì kí mi títí ó fi jáde. Nígbà tí mo lọ béèrè fún odidi ohùn náà, wọ́n ní ó ti parẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé orí afẹ́fẹ́ tààrà ló dára, nítorí ohun tí gbogbo ìlú ti gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó lè gé e mọ́ ẹni lórí.

Akọ̀wé
Ẹ jọ̀wọ́ mà, n kò fara mọ́ èyí. Orí afẹ́fẹ́ tààrà ni ti bọ̀dá wa lè jẹ́ pẹ̀lú, ẹ̀yìn ètò ni wọ́n gé e. Ohun tí ó lè gba bọ̀dá wa ni òfin ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2015, tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. HAAC, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni à ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí.

Aránṣọ Wàndó
Àbúrò mi, mo mọ̀ pé òfin wà. Ta ni yóò pa ṣọ́ọ̀bù tì kó máa lọ sí Kútọnu, nígbà tí kò ní ohùn náà lọ́wọ́ tí yóò fi ṣe ẹ̀rí?

Ọmọ Pọ́bẹ̀
Ẹ gbọ́ èyí tí mo mọ̀. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, rédíò Abẹ́òkúta máa ń wọlé dáadáa lálẹ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn sì jinlẹ̀. BBC Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018 náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá ní dátà.

Atọ́kùn Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àlejò ni mo ń wá, kì í ṣe rédíò tí a ó gbọ́. Ẹ má bínú pé n kò sọ kókó ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà fún wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Olùkọ́ ìtàn ni ẹni tí ó já mi kulẹ̀. Orí afẹ́fẹ́ tààrà ni a ó ti ṣe é, a ó sì gba ìpè ní ìṣẹ́jú 20 tó kẹ́yìn.

Ọmọ Ìdéna, Kétu
Nísinsìnyí ni mo tó mọ ohun tí à ń sọ. Ààfin Àgbómẹ̀, olú-ìlú àwọn ọba Dàhòmì, ni àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds jẹ́ ọ̀gágun wọn ti kó àwọn ohun wọ̀nyí ní ọdún 1892, ìtẹ́ ọba Glèlè sì wà lára wọn. Ọmọ ogun Glèlè yìí kan náà ni ó dó ti Kétu, tí ó fọ́ ọ ní ọdún 1886, tí ó sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Inú mi dùn pé a dá ohun olóhun padà. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣe ètò yìí ní èdè Yorùbá, tí ẹ kò bi ọmọ Kétu bí ìtẹ́ náà ṣe rí lójú rẹ̀, ètò Faransé ni ẹ kàn túmọ̀. Akọrin ẹ̀fẹ̀ ni kí ẹ pè. Ní òru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jó, ẹlẹ́fẹ̀ a máa fi orin bá olóyè wí, a máa sọ ohun tí ó ń lọ láàárín ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò mú un, nítorí abẹ́ ààbò àwọn ìyá wa ni ó wà. Ìṣèlú, àṣà àti iṣẹ́ ọnà ti wà nínú ẹnu kan náà kí rédíò tó dé.

Olùkọ́ ní Sábẹ
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí. Ọmọ Àgbómẹ̀ ni ìyàwó mi. Bí ẹ bá ṣí ogbẹ́ 1886 lórí afẹ́fẹ́, tí ẹ sì ṣí ìlà fóònù lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò dá ẹni tí ó bá pè láti sọ̀rọ̀ èébú dúró?

Ọmọ Ìdéna, Kétu
Iṣẹ́ atọ́kùn ni láti dá a dúró. Ọdún mélòó ni kí a tún fi dákẹ́? Ìyàwó yín gan-an lè ní ohun tí ó fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja
Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà mìíràn. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní ọdún 1962, fi kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ènìyàn wa fi ń ru epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ṣe ojú ère 304, ó tò wọ́n bí ẹrú inú ọkọ̀ ojú omi, British Museum sì gbé e síta ní ọdún 2007. Ẹ pe ẹni tí ó ń ta epo, kí ẹ bi í bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń di ojú ènìyàn.

Atọ́kùn Àjàṣẹ́
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì ti yan ẹni tí mo fẹ́. Ìyá kan wà tí ó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa. Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwọn ohun náà ní ààfin Ààrẹ ní Kútọnu ní ọdún 2022, ó wọ takisí lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tò lórí ìlà nínú oòrùn. Ní òwúrọ̀ yìí, bí ó ti ń da àkàrà sínú epo, ó ka àwọn ẹranko tí wọ́n gbẹ́ sára ìlẹ̀kùn ààfin fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ohun tí òun fẹ́ bi ìjọba nípa ibi tí wọn yóò máa wà títí lọ. Kì í ṣe amòfin, kì í ṣe akọrin ẹ̀fẹ̀. Orí afẹ́fẹ́ tààrà ni a ó ti ṣe é, a ó sì gba ìpè. Bọ̀dá Aránṣọ, mo gbọ́ tiyín: màá gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù mi, màá sì fi odidi rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá náà kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ wa.

Aránṣọ Wàndó
Ẹ jẹ́ kí ìyá náà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú yín kí ẹ tó jẹ́ kí ó máa lọ.

Ọmọ Ìdéna, Kétu
Aago mélòó ni ìlà fóònù yóò ṣí? Mo ní ohun tí mo fẹ́ bi ìyá náà nípa ìtẹ́ yẹn.