Ẹ̀gẹ́ mi ń gbẹ láti orí wá sílẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀gẹ́ mi ti pé oṣù mẹ́rin. Àtìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra ni ewé rẹ̀ ti ń ní ojú àbàwọ́n, bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Ewé á rọ, á já bọ́, orí igi á sì gbẹ. Bàbá kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni tó ń ta oògùn ní kí n wá ra oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ṣé kí n rà á?

Àgbẹ̀ Ìdó:
Ìyá wa, ẹ má tíì náwó. Ẹ gbé ewé kan sókè sí oòrùn. Ṣé àbàwọ́n yẹn ní igun ni, àbí ó rí róbótó? Ṣé oje ń yọ lára igi?

Ìyá Ìbejì:
Ó ní igun. Oje wà, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ Ìdó:
Àrùn blight ẹ̀gẹ́ ni. Kì í ṣe ọwọ́ ayé rárá. Bakitéríà ló ń fà á, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ò ràn án. Ọdún 1972 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà. Òjò ló ń ta á láti ewé dé ewé, àdá àti igi tí a gé gbìn ló ń gbé e láti oko dé oko. Níbo lẹ ti rí igi tiyín?

Ìyá Ìbejì:
Oko aládùúgbò ni. Apá òkè tó tutù ni mo gé, ó yá gé.

Ìyá Adúkẹ́, Akínyẹlé:
Ibẹ̀ gan-an ni! Apá ìsàlẹ̀ tó ti gbó ni kẹ́ ẹ máa gé, lára igi tí ara rẹ̀ dá. Ó ṣe mí rí, mo sunkún. Ẹ fa èyí tó ti bàjẹ́ tu, kẹ́ ẹ sun ún. Ẹ fi omi Jik nu àdá kẹ́ ẹ tó kan òmíràn. Ẹ má wọ oko nígbà tí ewé ṣì tutù. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀ fún sáà kan, kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀gẹ́ padà.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ṣé kì í ṣe àrùn mosaic ni?

Àgbẹ̀ Ìdó:
Rárá. Ewé ti mosaic máa ń ní yẹ́lò wúruwùru, á ká jọ; eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ ló ń gbé e. Ìyá wa, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín. Ẹ béèrè irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572, ó ń gbógun ti méjèèjì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ìrì bá ti gbẹ lọ́la, màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá odò, ibẹ̀ ló burú jù.