Ihò ni, àbí abẹ́ àpáta?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹnìkan nínú wa ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn tó máa ń rin inú igbó kiri, ó sì bèèrè pé kí ni ká máa pe ibi tí àpáta ti yọrí síta bí òrùlé, tí èèyàn lè dúró sábẹ́ rẹ̀ kí òjò má pa á. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ "ìsádi àpáta". Ẹlòmíì ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, ká ṣáà pe gbogbo rẹ̀ ní "ihò àpáta". N ò fara mọ́ èkínní, n ò sì fara mọ́ èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ìsádi". Ẹni tó bá sá di nǹkan, ẹnìkan ló gbà á mọ́ra: ọba, ìjòyè, tàbí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ń léni bọ̀ lẹ́yìn àti ẹni tó ń gbani níwájú. Ẹni tí òjò ká mọ́ inú igbó, tó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ àpáta, kò sá di ẹnikẹ́ni. Ó sá fún òjò ni, ó tán.

Ti "ihò" ló ṣòro jù. Ihò imú, ihò etí, ihò òkété, gbogbo wọn ni ihò, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ò sọ bí nǹkan ti tóbi tó. Mammoth Cave ní Kentucky, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti wọn ọ̀nà inú rẹ̀ tó ju kìlómítà 670 lọ, ihò náà ni. Ohun tí "ihò" ń sọ ni pé nǹkan wọnú lọ: ó ní ẹnu, ó sì ní inú. Mo ti dúró sábẹ́ àpáta rí nígbà tí òjò ń rọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn mi gbẹ, ó rí lẹ́búlẹ́bú. Níwájú mi, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já láti etí àpáta, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ìlà gbọọrọ kan, tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibi tútù kó fi ìkejì tẹ ibi gbígbẹ. Ìmọ́lẹ̀ dé gbogbo ibẹ̀ kanlẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni èyí tí kúlúsọ gbẹ́ sínú eruku.

Kí wá ni ká pè é? Àwọn baba wa ti pè é kí a tó bí wa. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn ò pe ibẹ̀ ní ìsádi, wọn ò sì pè é ní ihò. Abẹ́ òkúta ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì di ìlú ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun sá di àpáta, àwọn ni. Síbẹ̀ "abẹ́" ló wá sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n ti ta kò mí lórí èyí, àtakò náà sì mọ́gbọ́n dání. Wọ́n ní "abẹ́" ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà, kò dúró gẹ́gẹ́ bí nǹkan fúnra rẹ̀. Bí mo bá ní mo rí abẹ́ àpáta mẹ́ta, ṣé àpáta ló jẹ́ mẹ́ta ni, àbí abẹ́? Ọ̀dọ́mọdé kan wá ní ká pè é ní "àtíbàbà àpáta". Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àtíbàbà, èyí tí wọ́n ń pa nígbà ìnáwó? Àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ. Àtíbàbà ní òrùlé, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà á kọjá, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì ń já ní etí rẹ̀. Lóòótọ́ àpáta a máa ṣe ògiri lẹ́yìn, èyí tí àtíbàbà kì í ní, ṣùgbọ́n mo gbà. Bí a bá fẹ́ ka iye wọn, ká ní àtíbàbà àpáta mẹ́ta. Bí a bá wà níbẹ̀, ká ní a wà lábẹ́ àpáta.

Ẹ̀gbọ́n kan fi Ihò Eléérú dá mi lẹ́kun, ibi tí Thurstan Shaw, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, ti wú ilẹ̀ ní 1965 nítòsí Àkúrẹ́, tí wọ́n ti rí egungun ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ọdún 11,000 lọ. Ibẹ̀ kò jìn wọnú, àtíbàbà ni, síbẹ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ pè é ní ihò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre mi níbẹ̀ yẹn. Orúkọ ibì kan, ọwọ́ ẹni tó sọ ọ́ ló wà. Mi ò ní wá máa tún orúkọ onílé sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú orúkọ yẹn ti rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́ ní "Iwo Eleru" nínú ìwé, láìsí "h", láìsí àmì ohùn. Ihò tó kún fún eérú di ìwo, bíi ti àgbò, Eléérú sì lè di Elẹ́rù lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀. Eérú gan-an ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú orúkọ yẹn, nítorí ó ń sọ pé ẹnìkan ti dáná níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí mo máa ń lò fún ara mi ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ihò sábà máa ń pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀: ẹnu ihò, ibi tó ṣú wíríwírí, àti òkùnkùn biribiri. Ibi tí kò bá ti ní biribiri, ẹ jẹ́ ká rò ó lẹ́ẹ̀mejì ká tó pè é ní ihò àpáta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa ni òkúta tí omi tó ń kán fi ń mọ nǹkan sínú ihò. Kì í ṣe ẹ̀bi èdè. Akọ òkúta ló pọ̀ jù nínú àwọn òkè wa, omi kì í sì í yọ́ ọ bó ṣe ń yọ́ òkúta ẹfun. Èyí tó ń ti ilẹ̀ ihò ga sókè, mo ní ká pè é ní ọ̀gán òkúta, nítorí bí ilé ikán ló ṣe máa ń yọ ṣóńṣó. Èyí tó rọ̀ láti òkè, ọ̀gán adoríkodò. Ẹ má bínú, àdán ló fi kọ́ mi.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ní kí ló dé tí mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìdí ni àrá. Bí àrá bá ń sán, iná mànàmáná lè fò láti etí àpáta lókè bọ́ sílẹ̀, kó gba ara ẹni tó dúró sáàárín kọjá. Ìwé tó bá sọ fún èèyàn pé "ìsádi" wà níbẹ̀ ti tì í síbi ikú. Nítorí náà, gbólóhùn tí mo dábàá rèé: "Bí àrá bá ń sán, ẹ má dúró sábẹ́ àtíbàbà àpáta, ẹ má sì dúró sí ẹnu ihò." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àmì ohùn sí i dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹnu ihò má lọ di ẹnu ìwo.