Ajá oníwà tútù wo ló yẹ ilé tí ọmọdé àti àgbàlagbà jọ ń gbé?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti sin ajá rí. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún 8, àbúrò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, ó sì wà ní ìgbà tí ọmọdé máa ń di ohunkóhun tó bá kàn án lọ́wọ́ mú gírígírí, ìbáà ṣe ìrù, ìbáà ṣe irun orí mi. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ọdún 70, ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìbejì ti ń bẹ̀ wá pé àwọn fẹ́ ajá. Bàbá wọn ti gbà, àmọ́ ajá ńlá tí yóò máa lé olè ló wà lọ́kàn tiwọn, ọ̀rẹ́ wọn kan sì ti ṣèlérí ọmọ Boerboel fún wọn. Èmi kò fẹ́ ajá tí a óò máa sáré tì mọ́lé nígbàkígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Ajá tó lè dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá ń gba atẹ́gùn ni mo ń wá.

Màmá fúnra wọn kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ajá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ajá bá ń hu lóru, ohun tí ojú ènìyàn kò tó ló ń rí. Ìgbà tí mo ṣèlérí fún wọn pé ajá náà kò ní ga ju orúnkún wọn lọ ni wọ́n tó rọ̀.

Ẹnìkan ní kí n ra Lhasa, ẹlòmíràn ní Golden Retriever. N kò fẹ́ ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ní ọdún 2 sẹ́yìn a ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fi páálí tà á lẹ́bàá títì. Ní ọjọ́ kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ọ̀sẹ̀ kò sì parí tí ó fi kú. Ẹkún tí àwọn ọmọ yìí sun lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde:
Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Labrador ni tèmi, ọdún kẹsàn-án rèé tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn apẹja Newfoundland ní Kánádà ló kọ́kọ́ ń lo àwọn baba ńlá rẹ̀ láti máa fa àwọ̀n àti ẹja jáde nínú omi, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un lọ sílé láti máa fi ẹnu gbé ẹyẹ tí wọ́n bá yìn níbọn wá fún wọn láìfi eyín ba ẹran ara rẹ̀ jẹ́. Ẹnu rẹ̀ rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ó wà lára àwọn ajá tí wọ́n máa ń kọ́ jù lọ láti máa fọ̀nà han afọ́jú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: Labrador kì í sábà tutù kí ó tó pé ọdún 2 tàbí 3. Nígbà tí tiwa wà ní oṣù 10, ó ti wúwo tó kílò 28. Lọ́jọ́ kan tí àbúrò mi ti ọjà dé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò mọ́ ọn láyà, àbúrò mi sì ṣubú lé agbọ̀n tòmátì tó gbé dání. Kò sí ibi kankan nínú ohun tí ajá náà ṣe, ayọ̀ lásán ni, àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé Màmá tó ń fi ọ̀pá rìn ni ó fò mọ́ ńkọ́? Tí ẹ bá fẹ́ Labrador, ẹ wá èyí tó ti dàgbà.

Ní ti Golden Retriever, ìwà rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù Scotland ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Irun rẹ̀ gùn, ó sì nípọn. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra níbí, tí irun náà kò gbẹ dé ìdí, egbò ni yóò máa yọ lára. Ẹ tún béèrè bí ajá tí ẹ fẹ́ mú ṣe ń ṣe sí ariwo. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, bí ìbọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, abẹ́ ibùsùn mi ni akọni tèmi máa ń wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọmọ Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, mà. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó dárúkọ ajá ìbílẹ̀ wa. Irun rẹ̀ kúrú, oòrùn kò dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ga jù. Abo kan wà nílé wa tí bàbá mi sọ ní Tanímọ̀la, nítorí aládùúgbò kan tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí. Ó ti pé ọdún 4 báyìí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi aṣọ wé e lórí bí ìyàwó, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi ṣe tán. Bí àlejò bá dé, yóò gbó lẹ́ẹ̀mẹta péré, yóò sì tún padà lọ sùn.

N kò sọ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ìyá kan náà ló bí òun àti akọ kan tó máa ń lé ọlọ́kadà. Ẹ má sì jẹ́ kó máa rìn kiri, pàápàá nígbà ọdún Ògún, kí wọ́n má baà fi ajá yín bọ ohun tí ẹ kò bá wọn bọ.

Dókítà Ẹran, Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ọmọ ajá àkọ́kọ́ yẹn, ó jọ àrùn parvo gan-an. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọdún 2 ti kọjá, ọkàn yín lè balẹ̀. Síbẹ̀, ẹ po Jik ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 30, kí ẹ fi fọ ibi tó sùn àti àwo tó fi jẹun.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì fọwọ́ wọ́nú nípa Boerboel. Láti máa ṣọ́ oko ni wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ní South Africa, akọ rẹ̀ sì lè wúwo ju kílò 65 lọ. Ó lè fẹ́ràn àwọn ará ilé rẹ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ iṣẹ́ ìṣọ́ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ajá ẹni tí kò kọ́ ajá rí. Lhasa kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé àwọn mọ́ńkì ní Tibet ni wọ́n ti ń lò ó bí aṣọ́lé. Kì í tètè gba àlejò, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fara da ọmọ ọdún 2 tó ń fa irun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn ju orúkọ ẹ̀yà lọ ni ìyá ajá náà. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ súnmọ́ òun, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá ń wá àwáwí pé ìyá kò sí nílé, ẹ yíjú padà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọmọ ajá máa ń kọ́ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àti èyí tí kò yẹ, nítorí náà èyí tí wọ́n tọ́ láàárín ọmọdé, ìkòkò àti ariwo yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n há mọ́ inú àgò lẹ́yìnkùlé. Ẹ má gbà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ yín: èyí tó ta gìrì, tó sì padà wá gbóòórùn rẹ̀, ni kí ẹ wò dáadáa.

Ní ti ilé yín, èmi ìbá fara mọ́ abo tó ti dàgbà, tí ìwà rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ènìyàn. Kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó wọlé, kó sì máa gba òmíràn lọ́dọọdún. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, ẹ má sì fi àbúrò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àgbà nítòsí, bó ti wù kó tutù tó. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbéra lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ kò ní ṣàì ṣẹ́kù nínú ìkòkò. Ẹ má fún un, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìẹ tí a ti sè pẹ̀lú, rárá.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí bàbá wọn. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi kílò 65, wọ́n ní ṣé gbígbó lẹ́ẹ̀mẹta yẹn ń ròkè dáadáa.

Ọmọ Òkè-Àgbò, ǹjẹ́ Tanímọ̀la tún ń bímọ? Àbí ẹ mọ abo àgbà mìíràn tó jọ ọ́ níwà ládùúgbò yín? Bí ó bá wà, a óò wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ àti Màmá. Wọ́n ní àwọn yóò mú ọ̀pá àwọn dání láti fi wọn gíga rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà, mà. Ó ti pé ọdún 3, ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ̀gbọ́n mi tó ń sìn ín sì ń kó lọ sí Èkó. Ẹ máa bọ̀. Orúnkún Màmá ni yóò sọ ìyókù.