Ohùn tá a mọ̀ nínú ẹgbẹ́ tá ò mọ̀

Ọmọ Òkèṣà: Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ rọ́ọ̀kì, olórin wo lẹ ti dá ohùn ẹ̀ mọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ò mọ̀? Ẹ sọ tiyín. Èmi, ibi tí mo ti ń gẹrun ní Àdó ni, orin kan ń lọ, mo ní ohùn Chris Cornell ti Soundgarden rèé, àmọ́ jìtá yẹn kì í ṣe tiwọn. Mo wá a lórí fóònù: Audioslave. Àwọn mẹ́ta tó kù, Rage Against the Machine ni wọ́n ti wá! 2002 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Orí mi wú.

Oníjìtá Ìkẹ́rẹ́: Audioslave dáa, àmọ́ lọ gbọ́ Temple of the Dog. Cornell náà ló dá a sílẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Andrew Wood tí wọ́n ti jọ gbélé rí ló kú ní 1990, ló bá ń kọ orin láti fi ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, ó kó àwọn tí wọ́n jọ ń ṣẹgbẹ́ pẹ̀lú olóògbé mọ́ra, Eddie Vedder tó ń kọrin ní Pearl Jam náà wà níbẹ̀ kí àwo Pearl Jam kankan tó jáde. Nígbà tí Cornell alára wá lọ ní 2017, àwo Temple of the Dog yẹn ni mo gbọ́ mọ́jú.

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́: Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Tèmi ni Dead by Sunrise. Wọ́n fi Bluetooth gbé e fún mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò lórúkọ, mo ní Chester Bennington ti Linkin Park ni, gbogbo yàrá ní irọ́ ni, pé Chester kì í kọrin jẹ́jẹ́ báyìí. Èmi tí mo mọ bó ṣe ń mí!! Òun náà ni o, 2009.

Jagun: Fort Minor ti Mike Shinoda ńkọ́?

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́: Ráàpù nìyẹn.

Jagun: Ṣé Shinoda kì í ṣe ará Linkin Park ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Ẹ dárúkọ òyìnbó títí, ẹ fi Tony Allen, onílù Fela, sílẹ̀. The Good, the Bad & the Queen, 2007. Torí Damon Albarn ti Blur ni mo ṣe ra síídì yẹn, Paul Simonon ti the Clash ń ta béèsì, mi ò wo ẹni tó ń lùlù. Bí ìlù yẹn ṣe wọlé, mo dìde dúró. Ọwọ́ yẹn! Mo ti mọ̀ ọ́n látinú àwo Fela tí bàbá mi máa ń lò.

Ọmọ Òkèṣà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, olórin la béèrè, kì í ṣe onílù.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ta ló sọ fún ẹ pé ìlù ò lóhùn?

Oníjìtá Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀gbọ́n jàre. Rocket Juice & the Moon náà wà, 2012, Allen, Albarn àti Flea ti Red Hot Chili Peppers.

Jagun: Ìyẹn kì í ṣe rọ́ọ̀kì, Afrobeat ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì, ńkọ́? Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Cream, ó bọ́ sí Blind Faith ní 1969, ó wá sí Èkó, ó kọ́ sítúdíò síbẹ̀, ó bá Fela lùlù. Steve Winwood tó kọrin ní Blind Faith pàápàá bá Remi Kabaka àti Lasisi Amao ṣe àwo Aiye-Keta ní 1973. Irú orin wo lo máa wá pe ìyẹn?

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́: Winwood? Pẹ̀lú Kabaka?? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Jagun: Èmi náà o. Àmọ́ Afrobeat ṣì ni.